Eré Ìdárayá Ń Fún Iṣan Àgbàlagbà Lágbára

Iyì ni ó jẹ́ láàárín wa pé kí àwọn ọmọ má ṣe jẹ́ kí òbí wọn arúgbó ṣe iṣẹ́ kankan mọ́. Èrò rere ni èyí, ṣùgbọ́n iṣan tí a kò bá lò a máa joro. Ẹni tí eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣẹ́, tí a sì di igi mọ́ ọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a rí i pé ẹsẹ̀ náà ti rù ju èkejì lọ ní ọjọ́ tí a bá tú u.

Iṣan ni ẹran pupa tí ń mú kí egungun lè yí padà. Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ ni ó para pọ̀ di iṣan kan. Bí ènìyàn bá ń gbé ohun tí ó wúwo díẹ̀ ju èyí tí ó ti mọ́ ọn lára lọ, ara rẹ̀ a máa lo èròjà inú ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja láti mú kí àwọn fọ́nrán náà nípọn sí i nígbà ìsinmi. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyí, agbára a máa pọ̀ kí iṣan tó tóbi, nítorí pé ọpọlọ ń kọ́ bí a ti í pe fọ́nrán púpọ̀ síṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ogbó kò mú ànfààní yìí kúrò. Ní ọdún 1990, Dókítà Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà, ròyìn àwọn arúgbó 10 tí wọ́n tó ẹni nǹkan bí 90 ọdún, tí a kọ́ láti máa fi ẹsẹ̀ gbé ẹrù wíwúwo fún ọ̀sẹ̀ 8. Agbára ẹsẹ̀ àwọn tí ó parí rẹ̀ ju ìlọ́po 2 lọ, àwọn 2 sì pa ọ̀pá ìtìlẹ̀ tì.

Ní ilé, kí arúgbó jókòó sórí àga tí ó dúró dáadáa, kí ó dìde láì fi ọwọ́ ti ara, kí ó sì rọra padà jókòó, ní ìgbà 8 sí 10. Kí ó sinmi ní ọjọ́ kejì, kí ó tún ṣe é ní ọjọ́ kẹta. Bí ó bá ti rọrùn fún un, kí ó fi díẹ̀ kún un. Ẹni tí ó ní àrùn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà.

Ìṣubú ni ó ń ṣẹ́ ọ̀pọ̀ arúgbó ní egungun ìbàdí, ẹsẹ̀ tí ó lágbára sì ni ààbò wọn. Nítorí náà, kí àwọn ọmọ má ṣe gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ òbí wọn. Ara ìtọ́jú àgbà ni pé kí a jẹ́ kí ó máa lo ara rẹ̀ bí agbára rẹ̀ bá ti mọ.