Nọ́ńbà Fóònù Kan, Ìlà Mẹ́fà: Bí Mo Ṣe Kọ́ Détábéèsì

Kànga 40 ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí mi. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń bu omi wọn fún àyẹ̀wò, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Inú fáìlì Excel kan ṣoṣo ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí: orúkọ ẹni tó ni kànga, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́, èsì. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni nọ́ńbà ẹnì kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Nígbà tí màmá kan pààrọ̀ nọ́ńbà, ìlà kan ni mo tún ṣe, mo gbàgbé ìyókù. Lóṣù kẹfà, a rí E. coli nínú omi wọn, kòkòrò inú ìfun tó ń fi hàn pé ìgbẹ́ ti kan omi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń pe nọ́ńbà àtijọ́, wọ́n sì ń mu omi náà. Ìgbà tí mo dé ilé wọn ni mo tó mọ̀ pé nọ́ńbà tuntun ti wà nínú fáìlì mi tipẹ́. Ojú tì mí jàre.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó ti détábéèsì. Lọ́dún 1970, Edgar F. Codd, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM ní Amẹ́ríkà, ló dábàá ìlànà tá a ń pè ní relational. Mo wá pín fáìlì mi sí àtẹ mẹ́ta: àwọn tó ni kànga, àwọn kànga, àti èsì.

Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, ìyẹn primary key. Kí ló dé tí mi ò lo orúkọ? Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Táyé mélòó ló wà ládùúgbò yín? Kànga náà ní tirẹ̀, nọ́ńbà ẹni tó ni ín sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lórí àtẹ èsì, nọ́ńbà kànga nìkan ni mò ń kọ. Foreign key nìyẹn. Bí mo bá ṣèèṣì kọ kànga 57, détábéèsì á kọ̀ jálẹ̀, torí kò sí kànga bẹ́ẹ̀. Fóònù wà níbì kan ṣoṣo. Bí mo bá fẹ́ rí èsì pẹ̀lú fóònù, àṣẹ JOIN á so wọ́n pọ̀.

Détábéèsì ò lè mọ̀ bóyá nọ́ńbà tí mo kọ sílẹ̀ tọ̀nà o. Ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ẹnì kan ní nọ́ńbà méjì tó ń ta ko ara wọn.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó ṣí fáìlì tuntun, ẹ bi ara yín: bí nǹkan yìí bá yí padà lọ́la, ibi mélòó ni mo ti máa tún un ṣe? Bó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ pín àtẹ yín.