Bí iyọ̀ funfun tó ń hù lára jiopólímà ṣe lè dín kù

Eérú èédú láti ilé iṣẹ́ amúnáwá àti ìdàrọ́ irin ni wọ́n sábà fi ń ṣe jiopólímà, ohun tó ń di yanrìn àti òkúta pọ̀ dípò sìmẹ́ǹtì. Joseph Davidovits, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé, ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ní apá ìparí àwọn ọdún 1970. Ní Toowoomba, ní Ọsirélíà, nǹkan bí 40,000 mítà onígun mẹ́ta kọnkéré jiopólímà ni wọ́n dà sí pápákọ̀ òfuurufú Wellcamp, tó ṣí ní 2014.

Omi sódà líle ló ń mú kí eérú náà dì, òun náà ló sì ń fa iyọ̀. Alumíníọ̀mù inú jiopólímà ló ń di sódíọ̀mù inú sódà náà mú. Èyí tó bá ṣẹ́kù á máa rìn káàkiri nínú omi tó wà nínú àwọn ihò wínníwínní. Gbé búlọ́ọ̀kù kan sínú omi tí kò ju kókósẹ̀ lọ: omi á fà gòkè nínú rẹ̀, á sì máa gbẹ lápá òkè. Níbẹ̀ ni sódíọ̀mù ti ń pàdé kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì inú afẹ́fẹ́, tí iyọ̀ funfun á sì hù bí irun. Ìbátan kán-ún tí a fi ń se ewédú ni. Omi lè fọ̀ ọ́ kúrò, àmọ́ yóò tún hù. Èyí tó burú jù ni iyọ̀ tó dì sínú ihò lábẹ́ ojú búlọ́ọ̀kù, torí ó lè là á.

Dídín sódà kù ló kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn, ṣùgbọ́n bí ó bá kéré jù, eérú kò ní yòrò dáadáa, kọnkéré náà kò sì ní lágbára. Ó sàn kí a fi ohun tí alumíníọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀ kún un, bí amọ̀ kaolin tí wọ́n ti sun tàbí sìmẹ́ǹtì alumínà, kí sódíọ̀mù lè rí ibi so mọ́. Ìdàrọ́ tí wọ́n pò mọ́ eérú ń dí ihò, omi kò sì ní rọ́nà gbà bíi ti tẹ́lẹ̀. Gbígbé búlọ́ọ̀kù sínú ooru bíi 60 sí 80 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ń mú kí eérú dì púpọ̀ sí i. Pòtáṣíọ̀mù kì í sábà hu irú irun funfun yìí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju ti sódíọ̀mù lọ. Ní ti ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, bí omi bá gba ẹ̀yìn ògiri wá, iyọ̀ á ti ọ̀dà náà ṣí.

Eérú ilé iṣẹ́ kan kò rí bí ti òmíràn. Ìwọ̀n sódà tó yẹ eérú kan lè pọ̀ jù fún èkejì, torí náà búlọ́ọ̀kù ìdánwò ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ omi kí wọ́n tó da ti ilé.