Kíndìnrín fún Ọ̀rẹ́: Ẹ Má Sọ Ọ̀rẹ́ Di Ẹbí ní Káńtà

Fún ẹ̀yin ará Lotto, Mowe, Ibafo àti Ifo

"Àbúrò mi ni." Irọ́ tí a ń gbọ́ ní káńtà ilé ìwòsàn wa nìyẹn. Bí a bá wá bi ẹni tí wọ́n pè lábùúrò pé kí lorúkọ ìyá aláìsàn, á máa wolẹ̀.

Ọ̀rẹ́ lè fún ọ̀rẹ́ ní kíndìnrín. Òfin Ètò Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 kò sọ pé àfi ẹbí. Ohun tó ń fẹ́ ni pé kí ẹni tó fẹ́ fúnni ti pé ọmọ ọdún 18, kí ó fọwọ́ síwèé láìsí ipá, kí iṣẹ́ abẹ sì wáyé nílé ìwòsàn tó láṣẹ. Kí wá ni irọ́ wà fún? Ìwé ìbúra kóòtù tí alágbàtà bá tà fún yín, tó sọ ọ̀rẹ́ di ọmọ ìyá, ẹ̀rí tó lòdì sí yín ni níwájú adájọ́.

Ọ̀rọ̀ owó

Títà ni òfin kọ̀. Olùfúnni kò gbọdọ̀ gba owó, ilẹ̀, ọ̀kadà tàbí ìlérí físà nítorí kíndìnrín. Ẹ lè dá owó tó ná padà fún un: owó ọkọ̀, owó àyẹ̀wò, owó ibi tó sùn. Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Ṣùgbọ́n "ẹ̀bùn ìdúpẹ́" tí ẹ ti dá iye lé kó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, owó ọjà ni. Ẹni tó tà, ẹni tó rà, alágbàtà tó mú wọn pàdé: ẹ̀wọ̀n lè kan gbogbo wọn.

Ipò kì í gbani. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ́nù rán Ike Ekweremadu, tó ti jẹ́ igbákejì ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, lọ sẹ́wọ̀n ọdún 9 àti oṣù 8. Ìyàwó rẹ̀ gba ọdún 4 àti oṣù 6, dókítà tó ṣe alárinà gba ọdún 10. Ọmọkùnrin kan tó ń tajà lójú títì l'Ékòó ni wọ́n mú lọ síbẹ̀ kó lè fún ọmọ wọn ní kíndìnrín, wọ́n ní ìbátan ọmọ náà ni. Àwọn dókítà Royal Free Hospital fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọn kò gbà á.

Nítorí náà, bí dókítà bá ní kí olùfúnni dá wọlé, ẹ jáde fún wọn. Olùfúnni lè yí ọkàn padà títí di ìgbà tí wọ́n fẹ́ kùn ún lóorun. A kò ní sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ẹ ó lọ

A kì í ṣe iṣẹ́ abẹ yìí níbí. A ó wọn ìfúnpá, a ó yẹ ìtọ̀ wò, a ó kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ṣágámù tàbí Ìdí-Àbá. Ẹ má ra ìwé náà níta. Ẹ má sì gba Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù fún ọjọ́ tí ẹ ó lọ; ìsìn Rìdíìmù máa ń dí ọ̀nà pa.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Kíndìnrín kan tó kù á tóbi sí i, á sì gbé iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ olùfúnni ń padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ẹni tó ń ru sìmẹ́ńtì á dúró jù bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún, títí ayé, ẹ wá fún àyẹ̀wò ìfúnpá, ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, bí ara tilẹ̀ le. Ẹ má lo ibuprofen, diclofenac tàbí àgbo láìbéèrè. Obìnrin tó bá fẹ́ lóyún, kó kọ́kọ́ rí dókítà.

Ọ̀rẹ́ tó gbà á yóò máa lo oògùn lójoojúmọ́, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ara rẹ̀ ṣì lè kọ kíndìnrín náà. Bó bá ṣẹlẹ̀, olùfúnni kò jẹ̀bi, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀.