Bí Aláìsàn Ẹ̀dọ̀fóró Bá Ti Ọsibítù Dé



Inú wa a máa dùn bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ ìròyìn ẹbí pé wọ́n ti dá ẹnì kan nínú wa sílẹ̀ ní ọsibítù. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní COPD, ọpẹ́ nìkan kò tó. Ọ̀nà tí èémí ń gbà ti há, kò sì ní padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní 2021, àìsàn yìí pa nǹkan bí 3,500,000 ènìyàn ní gbogbo ayé. Ọjọ́ tí aláìsàn délé gan-an ni iṣẹ́ tiwa bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn àwa tí a wà lájò ni pé kí a gbé aláìsàn lọ sílé. Láti Kánò dé Ìbàdàn ju 700 kìlómítà lọ. Ẹni tí èémí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀, tí a há mọ́ inú ọkọ̀ láàárín eruku àti èéfín ní odidi ọjọ́ kan, ewu ń bẹ lọ́nà fún un. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ sílé o. Kí dókítà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, kí oògùn sì pé lọ́wọ́.

Ẹ má ya àwo rẹ̀ sọ́tọ̀. COPD kì í ràn. Tíbì ni ó ń ràn, ọ̀fẹ́ sì ni ìjọba ń fúnni ní oògùn rẹ̀.

Èéfín ni ọ̀tá kìíní, kì í sì í ṣe ti sìgá nìkan. Ọ̀pọ̀ ìyá wa tí kò fẹnu kan sìgá rí ni èéfín ààrò ti kó àìsàn yìí bá. Ẹ dáná níta, kí aláìsàn jìnnà sí i. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀, tùràrí àti kọ́ìlì ẹ̀fọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ ti fèrèsé nígbà tí eruku bá bo ìlú, ẹ fi aṣọ tútù nu ilé dípò ìgbálẹ̀.

Oògùn fífà tí à ń pè ní inhaler, ọ̀pọ̀ ni kì í lò ó bí ó ti yẹ. Kí ó mì í, kí ó mí síta tán, kí ó fi ètè dì í mú, kí ó tẹ̀ ẹ́ bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí rọra fà á sínú, kí ó sì sé èémí títí a ó fi ka 1 dé 10. Kí ó má sì dá oògùn dúró nítorí pé ara yá.

Bí èémí bá ń já, kí ó fi imú fà á, kí ó sù ẹnu bí ẹni tí ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kí ó rọra fẹ́ ẹ síta. Ẹ má sì jẹ́ kí ó sùn kalẹ̀ títí. Kí ó rìn dé ẹnu ọ̀nà lónìí, dé ilé kejì lọ́la. Bí ẹsẹ̀ ti ń lágbára ni èémí ń rọrùn.

Bí kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí, bí ètè rẹ̀ bá dúdú bí aró, bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá pọ̀ sí i tí àwọ̀ rẹ̀ sì yí padà, tàbí tí oorun ń kùn ún ṣáá, ẹ má dúró di òwúrọ̀. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ.

Ní ilé, ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti àwọn ìyàwó ilé ni wọn ìbá pín iṣẹ́ yìí ṣe. Níhìn-ín, ó lè jẹ́ ìyàwó kan ṣoṣo, tí ó tún ní ìsọ̀ lọ́jà. Nítorí náà ni a ṣe ń rọ̀ yín: kí ẹnì kan jókòó ti aláìsàn títí ìyàwó yóò fi ti ọjà dé, kí ẹlòmíràn sìn ín lọ rí dókítà, kí onímọ́tò kan nínú wa gbà kí a jí òun lóru. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tí ó bá ní irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nílé, kí ó fi tó Akọ̀wé létí kí a tó ṣe ìpàdé tí ń bọ̀.