Kí Ni Kọ̀ǹpútà Ń Pè Ní Lẹ́tà?

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òbí ni ẹ ti tẹ orúkọ ọmọ yín sínú fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ìdáhùn sì jáde pé lẹ́tà nìkan ni a gbà láàyè. Kò sí nọ́ńbà nínú ohun tí ẹ kọ, kò sí àyè òfìfo. Bọ́lá ni ẹ kọ. Kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ Bọ́lá?

Nọ́ńbà ni lẹ́tà gbogbo lójú kọ̀ǹpútà. Ìlànà ASCII tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1963 ní àyè 128 péré, kò sì sí ẹ, ọ tàbí ṣ níbẹ̀. Unicode, tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1991, ni ó wá fi àyè gba ọ̀pọ̀ èdè ayé. Ó pín ohun kíkọ sí ìsọ̀rí: lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà, àmì ìdánudúró, àti àmì tí kì í dá dúró, àfi kí ó gun lẹ́tà.

Ìsọ̀rí ìkẹyìn yìí ni ó ń dá wa láàmú. Ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn. Lẹ́tà ni wọ́n. Á náà ní tirẹ̀, nítorí pé àwọn èdè Yúróòpù ń lò ó. Ṣùgbọ́n kò sí àyè kan ṣoṣo fún ọ́. Ọ ni a óò kọ, a óò wá gbé àmì ohùn òkè lé e lórí, Unicode kò sì ka àmì náà sí lẹ́tà. Nínú èdè Python, bí a bá fi isalpha bi kọ̀ǹpútà bóyá lẹ́tà nìkan ni ó wà nínú Adé, yóò ní True. Bí a bá bi í nípa Bọ́lá, yóò ní False. Bí a bá ní kí ó ka Bọ́lá, márùn-ún ni yóò pè é. (Àwọn kíbọọ̀dù kan tilẹ̀ ń kọ é pàápàá ní ẹyọ méjì; Adé náà á sì já.)

Àwọn òbí a máa yọ àmì kúrò kí fọ́ọ̀mù lè gbà á. Èmi kò fara mọ́ ọn: orúkọ inú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àti ti ìwé ẹ̀rí ìdánwò kò ní dọ́gba mọ́.

Iṣẹ́ ẹni tí ó kọ ètò náà ni àtúnṣe, kò sì le. Kí ó fi unicodedata, tí ó wà nínú Python, bi ìsọ̀rí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ìsọ̀rí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú L, lẹ́tà ni. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú M, kí ó gbà á bí lẹ́tà bá ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ fi Bọ́lá àti Ṣẹ́gun dán fọ́ọ̀mù yín wò kí ẹ tó gbé e síta.