Irin Tí Ó Bá Irin Mu

Ìdérí tí ó bá fún jù lórí ìkòkò kì í ṣeé ṣí mọ́ bí ọbẹ̀ bá hó dà sí etí rẹ̀ tí ó sì gbẹ. Èyí tí ó bá sì tóbi jù, ooru a máa gba abẹ́ rẹ̀ sá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn irin tí ń rìn nínú ìbọn rí. Alágbẹ̀dẹ ìbọn níláti mọ ibi tí irin gbọ́dọ̀ ti fún pinpin, kí ó sì mọ ibi tí àyè gbọ́dọ̀ wà.

Ìbọn M16, tí ó ti inú iṣẹ́ ọwọ́ Eugene Stoner ará Amẹ́ríkà jáde, fi èyí hàn kedere. Irin ìdábùú kan wà nínú rẹ̀ tí í dí ìdí ihò ọta pa, kí iná ètù má baà tú sí ojú ẹni tí ń yìn ín. Eyín méje ni ìdábùú yìí ní, wọn a sì kọ́ mọ́ ìdí ọ̀pá ìbọn bí ìgbà tí a fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn. Irin mìíràn tí ó tóbi jù ú lọ ni ó gbé e sínú. Alárù ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Bí ọta bá ti ń lọ, èéfín gbígbóná a ya gba ihò kékeré kan lára ọ̀pá ìbọn, a gba inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ padà wá sí ikùn alárù, a sì tì í sẹ́yìn. Alárù a yí ìdábùú, eyín a tú, irin kan tí ó rí bí èékánná a sì fa òfìfo ọta jáde. Sípíríǹgì a wá dá gbogbo wọn padà pẹ̀lú ọta tuntun. Ó lè ṣe èyí ju ìgbà 700 lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Òrùka tín-ín-rín mẹ́ta tí ó wà ní ìdí ìdábùú ni kì í jẹ́ kí èéfín sá lọ. A gé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú kan kí ó lè máa fẹ̀, kí ó sì tẹ̀ mọ́ ògiri ikùn alárù. Bí wọ́n ti ń fi ara họ irin ni wọ́n ń gbó. Láti dán wọn wò, a ó fa ìdábùú síta, a ó sì gbé e dúró lórí orí rẹ̀, kí alárù wà lókè. Bí alárù bá fúnra rẹ̀ rọ́ sọ̀kalẹ̀, òrùka ti gbó.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn alárù, nǹkan yàtọ̀. Ojú irin tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ ni ó fi ń kan àpótí tí ó ti ń rìn, kí eruku àti ẹ̀gbin lè rí àyè sá sí. Bí ẹ̀gbin bá wá pọ̀ ju àyè náà lọ ńkọ́?

Ogun Vietnam dáhùn ìbéèrè yìí, ìdáhùn náà sì korò. Ní ọdún 1964, a pààrọ̀ irú ètù tí ó wà nínú ọta. Èyí tuntun ń fi ẹ̀gbin púpọ̀ sílẹ̀, ó sì ń mú kí irin sáré jù. Bẹ́ẹ̀ ni òfìfo ọta, tí iná ti mú wú, a máa fẹ́ àkókò díẹ̀ kí ó tó tú lára ògiri ihò rẹ̀. Nínú ọ̀rinrin ilẹ̀ náà, ihò yìí dípẹtà, ó di ṣákaṣàka, ó sì di òfìfo mú. Èékánná a fà á, a ya etí rẹ̀, a sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ ogun tí ọ̀tá dojú kọ a wá máa ti ọ̀pá bọ ẹnu ìbọn láti fi gún un jáde. Àwọn mìíràn kú sẹ́nu iṣẹ́ yìí. Èyí tí ó burú jù ni pé a ti sọ fún ọ̀pọ̀ wọn pé ìbọn náà kò fẹ́ ìtọ́jú, ohun èlò ìnùbọn kò sì kárí.

Ní ọdún 1967, ìgbìmọ̀ aṣòfin tí Richard Ichord jẹ́ alága rẹ̀ wádìí ọ̀ràn náà. A fi kúróòmù bo inú ihò ọta kí ó má dípẹtà mọ́, a fi ohun wíwúwo dín eré alárù kù, a sì pín ohun èlò ìnùbọn. Ní 1968, Will Eisner, ayàwòrán ìtàn aláwòrán, ya ìwé kékeré kan fún àwọn ọmọ ogun, èyí tí ó fi bí a ti ń tú ìdábùú kúrò nínú alárù, tí a ń nù ún, tí a sì ń fi òróró pa á, hàn wọ́n.