Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Fi 0 àti 1 Kọ Yorùbá

Kọ̀ǹpútà kò mọ A, kò mọ B, kò sì mọ Ẹ. Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀, àmì méjì péré ló sì fi ń kọ nọ́ńbà náà: 0 àti 1. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe ń fi méjì yìí kọ èdè wa, àti ìdí tó fi yẹ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ̀ ọ́n.

Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì? Iná mànàmáná ni kọ̀ǹpútà ń lò. Ẹ fi wé gílóòbù inú yàrá: ó tàn tàbí kò tàn. Tó bá tàn, ká pè é ní 1. Tí kò bá tàn, ká pè é ní 0.

Ẹ wá wo 65. Ní Yorùbá, a ń pè é ní márùndínláàádọ́rin: a mú 70, a yọ 5 kúrò. Gẹ̀ẹ́sì mú 60, ó fi 5 kún un. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ mú 64, ó fi 1 kún un, torí pé ìlọ́po méjì ló fi ń kà: 1, 2, 4, 8, 16, 32, 64, 128. Bó ṣe ń kọ ọ́ nìyí: 01000001. Iye kan náà ni. Ọ̀nà kíkà ló yàtọ̀.

Ní 1963, wọ́n gbé àtẹ kan tó ń jẹ́ ASCII jáde ní Amẹ́ríkà. Nínú rẹ̀, 65 ni A. Àmọ́ àyè 128 péré ló wà níbẹ̀: kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, kò sí àmì ohùn. Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, ló wá fún àwọn lẹ́tà wa ní nọ́ńbà tiwọn.

Síbẹ̀, ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹnì kan lè kọ ọ́ báyìí: 7885 (ọ) àti 768 (àmì ìsàlẹ̀). Ẹlòmíràn lè lo 242 (ò) àti 803 (àmì abẹ́ lẹ́tà). Lójú wa, kò sí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà tí kò bá mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n máa sọ pé òun ò rí ọ̀rọ̀ tó wà níwájú yín gangan!

Torí náà, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí, ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo fáìlì yín di irú kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n ń pè ní NFC ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ má sì fi àmì sílẹ̀. Oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀: nọ́ńbà wọn yàtọ̀ síra. Ẹni tó bá ń wá ọkọ̀, tó sì kọ oko fún kọ̀ǹpútà, oko náà ló máa bá níbẹ̀.